Orí Kẹrin: Òdòdó Lórí Tábìlì, Òkun Lẹ́yìn Fèrèsé

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ọ̀dà, ẹ kọ́kọ́ wo fèrèsé yàrá tí ẹ fẹ́ fi ṣe ibi iṣẹ́. Ìwé àwọn òyìnbó tó ń kọ́ni ní àwòrán yíyà máa ń sọ pé fèrèsé tó kọjú sí àríwá ló dára jù, nítorí pé oòrùn kì í gba ibẹ̀ wọlé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a sì dúró sójú kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òótọ́ ni, ní London àti ní Paris. Ní Èkó, ní Àgbádárìgì, ní gbogbo etíkun wa títí dé Kútọnù, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ń gbà kọjá lórí wa. Lọ́sàn-án gangan ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àtàrí, kò fi bẹ́ẹ̀ dí yín lọ́wọ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí yóò sì da ìmọ́lẹ̀ pupa sórí ohun tí ẹ ti tò kalẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá padà sí gúúsù, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta, fèrèsé àríwá a wá dára bí ìwé ṣe wí.

Gúúsù sì ni òkun wà sí wa. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Lásìkò òjò, fèrèsé tó kọjú sí òkun ló ní ìmọ́lẹ̀ tí kò ní oòrùn nínú, ìmọ́lẹ̀ fífẹ̀ tó ti ara omi àti iyanrìn ta padà, tí òdòdó funfun máa ń dùn ún wò nínú rẹ̀. Fèrèsé yẹn kan náà ni atẹ́gùn ń gbà gbé iyọ̀ wọlé, torí láti ìhà òkun ni atẹ́gùn òjò wa ti ń fẹ́ wá. Iyọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ojú ń rí. Ẹ fi ìka nu gíláàsì fèrèsé tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ fi kan ahọ́n, ẹ ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bó bá bà lé kánfáàsì, a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bó bá bà lé ìṣó, ìpẹtà dé. Gbogbo ohun tó ń dùn mọ́ ayàwòrán lójú ní etíkun ló ní ọ̀nà tó ń gbà ba àwòrán jẹ́. Ẹ̀yin lẹ ó máa làjà láàárín wọn, ìyẹn sì ni gbogbo ohun tí orí ìwé yìí dá lé.

Ẹni tó ti ń làjà yìí ṣáájú wa ni Henri Matisse. Ó dé Nice, ní etí Òkun Mẹditaréníà nílẹ̀ Faransé, ní ìparí ọdún 1917, agbègbè yẹn ló sì ti lo púpọ̀ nínú ìyókù ayé rẹ̀ títí ó fi kú níbẹ̀ ní 1954. Etíkun Nice náà kọjú sí gúúsù bíi ti Èkó. Ohun tó fi ń kápá oòrùn ni fèrèsé onípákó, irú èyí tí wọ́n to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí ní ìdagẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ lu àjà kó tó padà wá sórí tábìlì. Léraléra ló ya fèrèsé wọ̀nyẹn sínú àwòrán rẹ̀. A ní irú rẹ̀ nílé: àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún fi irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ sí ilé wọn ní Erékùṣù Èkó, ẹ ó sì tún rí díẹ̀ ní Pópó Àgùdà lára àwọn ilé tí wọn ò tíì wó. Kí káfíńtà kan irú rẹ̀ fún yín sí ìhà òkun, kí gíláàsì tó ṣe é tì pa wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, pákó á dín ìmọ́lẹ̀ kù. Nígbà tí ẹ bá parí, gíláàsì á dá iyọ̀ dúró síta.

Ẹ kun ògiri yàrá náà ní funfun tó ti kú díẹ̀, tàbí àwọ̀ eérú. Ògiri aláwọ̀ ewé á sọ gbogbo òdòdó yín di aláìsàn. Ẹ gbé tábìlì kúrò lẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, kì í ṣe láti iwájú. Ìmọ́lẹ̀ iwájú ń pa ìrísí nǹkan rẹ́.

Ohun tí ẹ ó máa tò

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń rò pé àwòrán tuntun gbọ́dọ̀ ní ohun èlò tuntun. Wọn á lọ ra àwo kéékèèké láti òkè òkun, òdòdó oníke, èso oníke. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Matisse ní ìkòkò, àga àti aṣọ kan tó ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń gbé wọn láti ilé dé ilé, ó sì ń yà wọ́n lákọ̀tun nígbà gbogbo. Ní 2017, wọ́n kó díẹ̀ lára wọn jọ pẹ̀lú àwọn àwòrán tó fi wọ́n ṣe fún ìfihàn ní Boston àti ní London. Ìkòkò kan tí ẹ mọ̀ dáadáa sàn ju ogún tí ẹ ò mọ̀.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wá ohun mẹ́ta: ọ̀kan tó ń dán, ọ̀kan tí kò dán, ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Abọ́ tánganran ìyá àgbà ń dán. Ìkòkò amọ̀ kì í dán, igbá tí a kò fín náà kì í dán. Ìgò epo tí a ti fọ̀ mọ́ ń gba ìmọ́lẹ̀ kọjá, àmọ́ ẹ bu omi dé ìdajì rẹ̀, torí pé ibi tí omi ti pàdé afẹ́fẹ́ ni ojú ẹni tó ń wo àwòrán máa ń kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ lè fi ohun etíkun kún un: ìkarahun, owó ẹyọ, àgbọn tí a là, àwọ̀n àtijọ́ tí apẹja kan ti sọ nù. Àwọ̀n ṣòro láti yà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jù ú sílẹ̀ láìtò ó, á fún yín ní ìlà rírọ̀ tí aṣọ kì í fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan lórí àdìrẹ. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ tẹ́ àdìrẹ sábẹ́ ìkòkò, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọnà ni òun fúnra rẹ̀, kò ní gbà kí òdòdó ṣe ọ̀gá. Ẹ ṣẹ́ ẹ po kí púpọ̀ nínú ọnà rẹ̀ sápamọ́, tàbí kí ẹ lo èyí tó ti gbó tí aró rẹ̀ ti ṣí. Bí ẹ bá sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ gbà pé àwòrán àdìrẹ lẹ ń yà, òdòdó kàn wá kí i ni.

Aago òdòdó

Ohun tí yóò kọ́kọ́ lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Ìkòkò á wà níbẹ̀ lọ́la. Òdòdó lè máà wà níbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Hibiscus ni ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó fi ń ṣe ọgbà yí ká, ìbátan ìṣápá àti ilá sì ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òdòdó rẹ̀ ń lò, yálà ó wà lórí igi tàbí ẹ já a. Nítorí náà ẹ má wulẹ̀ wá omi fún un: ẹ já a láàárọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì bẹ́ẹ̀, kò ní rọ ṣáájú àkókò tí ì bá rọ lórí igi. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ ráyè ṣiṣẹ́, ẹ já a ní kété tó bá là, ẹ kó o sínú fìríìjì, á wà ní lílà títí alẹ́, bí iná bá wà. Àwọn tí òdòdó wọn jẹ́ ìṣẹ́po méjì máa ń ṣòro fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ní ewé òdòdó márùn-ún péré.

Ẹ má sì fojú di òdòdó ilá. Ó rẹwà ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní ilé ìtajà ńlá: àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, àlùkò dúdú láàárín, ewé rẹ̀ tó rí wúruwùru lẹ́yìn rẹ̀. Àárọ̀ ló ń là, ó sì ti kákò kí ọjọ́ tó pé. Mo máa ń yà á pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ilá tútù méjì mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, torí àwọ̀ ewé ilá ń mú kí ìyeyè náà tàn. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ mọ ohun tí ẹ lè fi ilá ṣe.

Lórí iyanrìn etíkun fúnra rẹ̀, ìtàkùn kan wà tó ń rákò, ewé rẹ̀ nípọn, ó là sí méjì lórí, òdòdó rẹ̀ sì rí bí ẹnu fèrè, ó pupa rúsúrúsú, ó fẹ́ jọ àlùkò. Ìbátan ọ̀dùnkún ni. Òun náà, ti àárọ̀ ni. Bó bá ti kan ọ̀sán, ó ti ń pa dé. Gígé rẹ̀ kò dára: kì í pẹ́ rọ lọ́wọ́ ẹni, òun ló sì ń di iyanrìn mú kí ìgbì má baà kó o lọ. Ẹ gbé ìwé àti ọ̀dà omi lọ bá a níbi tó wà ní aago 7 àárọ̀.

Òṣíbàtà ló ṣe òdìkejì wọn. Èyí tó funfun, tó wọ́pọ̀ nínú odò àti adágún wa, òru ló ń là, ó sì ń pa dé bí àárọ̀ bá ti ń di ọ̀sán. Ẹni tó bá fẹ́ yà á gbọ́dọ̀ jí kí ìdájí tó kọjá, kó bá ọlọ́kọ̀ ọpọ́n ṣe àdéhùn láti alẹ́ àná. Kó gbá ìwé àwòrán mọ́ra nínú ọ̀rá, torí ọkọ̀ ọpọ́n kì í gbẹ nílẹ̀.

Àwọn tó ní sùúrù ni frangipani àti bougainvillea. Frangipani máa ń wà bí ọjọ́ mélòó kan nínú omi, ẹ sì lè da òdòdó rẹ̀ sójú omi nínú àwo fífẹ̀, á léfòó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé ẹ̀ka rẹ̀, oje funfun á tú jáde. Ẹ jẹ́ kó ro tán kí ẹ tó gbé e wọlé, kí ẹ má sì fi ọwọ́ yẹn nu ojú. Ti bougainvillea, ohun aláwọ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní òdòdó rẹ̀, ewé ni. Òdòdó gan-an ni ohun kékeré funfun tó wà láàárín. Èyí ṣe pàtàkì fún ayàwòrán, nítorí pé ewé ni, ó ní iṣan bí ewé, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, àwọ̀ rẹ̀ sì ń pẹ́ lára rẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbẹ. Ẹni tó bá ń yà á tó mú un rọ̀ bí ewé òdòdó rọ́ọ̀sì, kò wò ó dáadáa.

Báwo wá ni a ṣe ń ya ohun tí kò ní dúró? Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ to ìkòkò àti aṣọ, ẹ ya ìlà wọn sórí kánfáàsì, ẹ fi ọ̀dà tín-ín-rín kun ẹ̀yìn. Ẹ fi àyè òdòdó sílẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹ tó já òdòdó wọlé, ẹ ti po òkìtì ọ̀dà mẹ́ta fún un: ti ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà, ti ara rẹ̀ gan-an, ti ibi òjìji. Bí ẹ bá wá gbé òdòdó kalẹ̀, ẹ máa fi wákàtí àkọ́kọ́ ya òun nìkan, ẹ má wo ìkòkò rárá. Òdòdó a máa yí. Á ṣí sí i, á tẹ̀ síhà ìmọ́lẹ̀. Ẹ má sá tẹ̀ lé e. Ibi tí ẹ bá a ní àárọ̀ ni kí ẹ fi í sí.

Bí òdòdó bá sì kọ̀ láti wá lásìkò, ẹ lè dúró dè é. Jan van Huysum (1682–1749), ará Amsterdam, fẹ́ kí òdòdó gidi wà níwájú òun kí òun tó yà á. Nítorí pé òdòdó ìgbà ìrúwé kì í bá ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pàdé, àwòrán kan lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ ọdún kejì, àwòrán òdòdó rẹ̀ kan tó wà ní National Gallery ní London sì ní 1736 àti 1737 lára pọ̀. Ẹlòmíràn nílùú Netherlands nígbà náà máa ń ya òdòdó kọ̀ọ̀kan sínú ìwé bó bá ṣe ń jáde, a wá kó wọn pọ̀ sínú ìkòkò kan bó bá wù ú, ìdí nìyí tí òdòdó tí kì í là lóṣù kan náà fi máa ń wà nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Ọ̀nà yìí ni mo yàn fún etíkun wa. Ẹ ní ìwé kan tó jẹ́ ti òdòdó nìkan. Òdòdó kan, ojú ewé kan, láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn. Gbogbo ènìyàn ló ń gbàgbé ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ló sì ń jẹ́ ká mọ bí òdòdó ṣe jókòó sórí igi rẹ̀. Bí ọdún kan bá fi yí po, ẹ ti ní ọgbà tí òjò kò lè pa.

Pupa, funfun, àti òjìji

Pupa hibiscus ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Bí ẹ bá fi funfun là á kó lè tàn, á di ọ̀dà ọmọ ìkókó, iná inú rẹ̀ á kú. Ẹ fi ìyeyè tàbí ọsàn díẹ̀ gbé ibi ìmọ́lẹ̀ sókè, kí ẹ sì fi àlùkò rẹ ibi òjìji wálẹ̀. Ohun tó ń mú pupa tàn jù ni ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ewé tútù tó ṣókùnkùn díẹ̀.

Òdòdó funfun, ẹ má fi dúdú ṣe òjìji rẹ̀ láé. Ní etíkun, ojú ọ̀run ń ta aró sí i láti òkè, iyanrìn sì ń ta ìyeyè sí i láti ìsàlẹ̀. Ẹ wo frangipani kan tó wà nítòsí fèrèsé òkun: abẹ́ ewé òdòdó rẹ̀, tó yẹ kó ṣókùnkùn, á máa gbóná bí ẹni fi epo pupa díẹ̀díẹ̀ ra á. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ilẹ̀ bọ̀ yìí ni àmì àwòrán etíkun. Ẹni tó ya òdòdó rẹ̀ ní Ìbàdàn kò ní i. Fún bí a ṣe ń fi aró àti àlùkò ṣe òjìji láìlo dúdú, ẹ lọ wo iṣẹ́ Yusuf Grillo (1934–2021), ọmọ Èkó tó ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yaba. Ènìyàn ló ń yà ju òdòdó lọ, ṣùgbọ́n nínú àwọn tiwa, èmi ò rí ẹni tó mọ aró jù ú lọ.

Nígbà ọyẹ́, eruku á bo ojú ọ̀run, òjìji á rọ̀, àwọ̀ gbogbo á súnmọ́ra. Àwọn kan a máa ṣàròyé. Fún ìgò àti ìkòkò amọ̀, kò sí ìgbà tó dára tó bẹ́ẹ̀ nínú ọdún.

Ọgbà lẹ́yìn ilé

Ayàwòrán tó ń ra òdòdó á rẹ̀ ẹ́. Ẹ gbin tiyín. Ní erékùṣù Appledore, ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, obìnrin akéwì kan tó ń jẹ́ Celia Thaxter ní ọgbà kan tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 50 ní gígùn àti 15 ní fífẹ̀ lọ, lójú atẹ́gùn òkun gan-an. Ọgbà kékeré yẹn ni ayàwòrán Childe Hassam ń padà lọ bá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ya àwòrán sínú ìwé tí obìnrin náà kọ nípa rẹ̀, tó jáde ní 1894. Àyè tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́rin lè jókòó sí tó fún iṣẹ́ ayé yín.

Ẹ fi bougainvillea àti igi àgbọn ṣe odi síhà òkun, wọ́n lè fara da iyọ̀. Lẹ́yìn odi yẹn ni kí hibiscus àti ilá wà. Bí ìjì bá jà láti òkun, ẹ fi omi kànga tí kò níyọ̀ wẹ ewé wọn ní ọjọ́ kejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ etí ewé á jóná.

Bí ẹ bá fẹ́ ya ẹja

Kò sí bí ènìyàn ṣe máa gbé etíkun tí kò ní fẹ́ ya ẹja. Ẹ lọ sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ kùtù, ẹ mú èpìyà, ṣáwá, akàn, edé. Ẹ sọ fún ìyá ẹlẹ́ja pé kó má ha ìpẹ́ wọn, á wò yín bí ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ ra áìsì pẹ̀lú rẹ̀.

Ojú ẹja ló ń kọ́kọ́ lọ: ó ń wọnú, ó sì ń ṣú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni pupa abẹ́ ìjàgbọ̀n, tó ń di àwọ̀ ilẹ̀. Nítorí náà ojú ni ẹ ó kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà abẹ́ ìjàgbọ̀n, lẹ́yìn náà ikùn tó ń dán. Ìpẹ́ kì í lọ, ẹ fi sẹ́yìn, ẹ má sì ya gbogbo rẹ̀; díẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á, ojú yóò fi ìyókù kún un fúnra rẹ̀. Ẹ da áìsì fífọ́ sábẹ́ àwo, kí ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹja wà lórí rẹ̀. Ẹja tó bá ti wà lórí tábìlì fún wákàtí mélòó kan láìsí áìsì, ẹ má ṣe sè é o. Ẹ fún ológbò, tàbí kẹ́ ẹ sin ín sídìí àgbọn.

Ọ̀dà, ọ̀rinrin àti iyọ̀

Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá. Oxygen inú afẹ́fẹ́ ló ń wọnú òróró náà, tó ń sọ ọ́ di líle, kì í ṣe omi ló ń kúrò. Nítorí náà, bí yàrá bá rin gbingbin tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ wọlé, ọ̀dà á máa pẹ́. Àwọn àwọ̀ ilẹ̀ bí umber lè gbẹ ní ọjọ́ kan sí méjì. Funfun titanium àti pupa cadmium lè gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Òfin àtijọ́ kò yí padà: ìpele ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní òróró tó ti òkè. Ẹni tó bá fi ọ̀dà olóròóró púpọ̀ sísàlẹ̀, tó wá fi èyí tí tọ́pẹ́ńtáìnì ti là sókè, á rí i pé òkè gbẹ, ó sán, nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ń rìn.

Acrylic ń gbẹ kíákíá, ìyẹn ni oore rẹ̀ lásìkò òjò. Atẹ́gùn òkun sì lè mú un gbẹ lórí pálẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbé e dé kánfáàsì. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sínú àwo pẹrẹsẹ, ẹ fi bébà tí ọ̀rá kò sí lára rẹ̀ bò ó, orí bébà yẹn ni kí ẹ ti máa po ọ̀dà. Ohun mìíràn: acrylic máa ń rọ̀ nínú ooru. Àwòrán méjì tí ẹ bá dojú wọn kọra wọn nínú mọ́tò ní ọ̀sán Èkó lè lẹ̀ mọ́ra títí láé.

Ẹ ka ẹ̀yìn túùbù. Orúkọ àwọ̀ tí wọ́n kọ síwájú, ọ̀rọ̀ ìpolówó ni. Nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́yìn ni òótọ́. Pupa àlùkò tí bougainvillea ń fẹ́, èyí tó jẹ́ PV19 ni kí ẹ rà. PR83 ìgbàanì, tí wọ́n ń pè ní alizarin crimson, oòrùn ń mú un ṣí. Funfun tó jẹ́ PW4 máa ń le gan-gan nínú òróró, ó sì ń sán. PW6 ni kí ẹ wá. Bí túùbù kò bá ní nọ́ńbà kankan, ẹ kun díẹ̀ lára rẹ̀ sórí páálí, ẹ fi fọ́ìlì bo ìdajì, ẹ fi í sójú fèrèsé fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rí tí yóò fún yín ju ti ẹni tó tà á lọ.

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán níhìn-ín ló ń fi ọ̀dà ara ògiri kun kánfáàsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí gẹ́sò wọ́n. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ògiri olówó pọ́ọ́kú ní ẹfun púpọ̀, ohun tó ń dì í mú kò tó, ó sì ń fọ́ bí kánfáàsì bá tẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ lẹ kánfáàsì mọ́ pákó kí ó má lè tẹ̀. Ìṣó tí ẹ ó fi kàn án kò gbọ́dọ̀ jẹ́ irin lásán: idẹ, bàbà tàbí stainless. Ìpẹtà ìṣó kan lè jẹ kánfáàsì já láàárín ọdún díẹ̀.

Aṣọ tí ẹ fi nu òróró linseed lè gbaná fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Ooru tó ń jáde bí òróró ṣe ń le ló ń ṣe é. Inú agolo irin tó ní omi àti ìdérí ni kí ẹ máa kó o sí.

Fáníìṣì, ó di ẹ̀yìn oṣù mẹ́fà fún ọ̀dà olóròóró. Bí ẹ bá kùn ún lásìkò òjò, á ṣú bí èémí lójú dígí. Àárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló dára, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, àmọ́ eruku ọyẹ́ á ti wà níta tó ń retí yín. Ẹ fọ ilẹ̀ yàrá pẹ̀lú omi, ẹ ti gbogbo fèrèsé, ẹ fi àwòrán lélẹ̀ gbalaja, ẹ kùn ún, kí ẹ sì gbé e dojú kọ ògiri títí yóò fi gbẹ.

Ìtọ́jú àti títà

Ẹ má gbé àwòrán kankan sílẹ̀ ní Èkó. Ẹ mọ ìdí rẹ̀ bí òjò bá rọ̀ ní oṣù Kẹfà. Ẹ ṣe pẹpẹ tó ga ju orúnkún lọ, ẹ to wọn ní òró, kí atẹ́gùn máa gba àárín wọn. Àwòrán tó wà lára ògiri, ẹ lẹ ègé kọ́ọ̀kì mọ́ igun férémù rẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ kó má baà fara kan ògiri, torí ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ebu ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ọ̀dà omi lábẹ́ gíláàsì kò gbọ́dọ̀ kan gíláàsì náà.

Ní ti ọjà, àwòrán òdòdó kékeré ń tà ju ńlá lọ, torí pé ẹni tó wá sí etíkun fún ìgbádùn ọjọ́ díẹ̀ fẹ́ ohun tó lè wọnú àpótí rẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n dá iye lé àwòrán, kí àwòrán méjì tó tóbi bákan náà má ní iye méjì nítorí pé ẹ fẹ́ràn ọ̀kan. Ilé ìfihàn sábà máa ń gba ìdá ọgbọ̀n sí àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwòrán tó kúrò nílé, kí ẹ sì kọ ìgbà tí wọn ó san owó pẹ̀lú. Iye kan náà ni kí ẹ máa tà nílé àti nílé ìfihàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á gbọ́.

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ yín, ọdún, irú ọ̀dà àti irú fáníìṣì sí ara igi férémù lẹ́yìn, ẹ má kọ ọ́ sára kánfáàsì, íǹkì lè yọ síwájú. Bí ẹni tó rà á bá fẹ́ gbé e jáde ní Nàìjíríà, ẹ rán an létí pé àṣẹ àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM, gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí àwòrán náà tilẹ̀ jẹ́ ti àná. Ní Èkó, ọ́fíìsì wọn ní ilé àkójọ ní Oníkàn ni kó wá béèrè, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ fún un àti fọ́tò àwòrán náà, kó má sì dúró di ọjọ́ tó fẹ́ wọkọ̀ òfuurufú.